Ẹ̀yìn Bàbá Mi ní Ìdí-Àgbọn

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Tómi, bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Démiládé, ìwọ jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ dáadáa, nítorí ìwọ gan-an ni mo jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Lánàá, nígbà tí ìyá yín ní kí gbogbo wa lọ sí Durban ní oṣù Kejìlá, kí a lọ fi ẹsẹ̀ kan omi òkun, mo ní n kò lọ. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní iyanrìn kì í bá orúnkún mi lára mu. Irọ́ ni. Ìwọ Démiládé wá rẹ́rìn-ín, o ní, "Grandpa, no stress. Màá pọ̀n yín láti ìdí mọ́tò títí dé etí omi. Shap." Mo dìde nídìí oúnjẹ, mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Ìyá yín rò pé o rí mi fín, ó bá ọ wí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ yìí, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, o wá dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi, o ní kí n má bínú. N kò bínú, ọmọ mi. Ojú ló tì mí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ojú ti ń tì mí, tí ẹnu mi kò sì gbà á láti sọ ọ́. Lónìí, màá sọ ọ́, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ ń pè ní Grandpa.

Ìlú tí wọ́n bí mi sí kò sí mọ́. Bí ẹ bá wá a nínú fóònù yín, omi lẹ máa rí. Ìdí-Àgbọn là ń pè é, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó nà gbọọrọ láàrin ọ̀sà àti òkun, bíi ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀ ojú omi sí Èkó. Bí o bá dúró láàrin ìlú, etí kan á máa gbọ́ ọ̀sà tó ń lu ìdí ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, etí kejì á máa gbọ́ òkun tó ń bú. Ariwo yẹn ló ń mú mi sùn lọ́mọdé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Johannesburg yìí, oorun kò kun ojú mi. Ìyá yín rò pé òtútù oṣù Keje ni. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Randburg, àdúgbò wa yìí, dákẹ́ jù fún mi. Ajá á gbó níbì kan, mọ́tò kan á dúró níbi iná ojú títì tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbí, á tún lọ, ó tán. Ìlú tó tóbi tó báyìí, kò sí òkun, kò sí ọ̀sà, kò sí odò kan tó gba ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kí n má tún purọ́ mọ́. Nígbà tí ìyá yín ní kí èmi àti ìyá rẹ̀ wá máa bá òun gbé níbí, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà sí òkun tó. Ó ní ó jìnnà gan-an. Mo ní ó dáa, a ń bọ̀.

Ẹja pípa la bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, ṣùgbọ́n nígbà tí èmi dáyé, àlejò ló ń bọ́ wa. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ọjọ́ kejì ọdún Àjíǹde, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, wọn á rọ́ wá láti Èkó: àwọn akọ̀wé, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tíṣà, òyìnbó díẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wà tó ń jókòó sétí ọ̀sà lábẹ́ igi àgbọn kan tó tẹ̀. Irin ọkọ̀ àtijọ́ kan ló so rọ̀ síbẹ̀. Bó bá ti rí ọkọ̀ àlejò lókèèrè, á mú òkúta, á lu irin náà. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kan, á lù ú lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, á lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo ìlú á dìde. Ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe á jù ú sílẹ̀. Mo rí tọkọtaya kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà láàárọ̀, tí irin dún, tí wọ́n jùmọ̀ ta àgbọn pẹ̀lú ẹ̀rín títí di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì padà síbi tí wọ́n dé nínú ìjà náà bí ọkọ̀ ìkẹyìn ṣe ń yí orí padà.

Ẹ̀yin, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ó ti fi fóònù wá ohun gbogbo sílẹ̀: ilé tí ẹ máa sùn, ibi tí ẹ ti máa jẹun, iye ìràwọ̀ tí àwọn tó ti lọ síbẹ̀ fún un. Ojú lásán làwa fi ń mọ ohun tí àlejò ń fẹ́. Àwọn kan ń kọ́ àtíbàbà màrìwò ọ̀pẹ sórí iyanrìn, wọ́n ń tẹ́ ẹní síbẹ̀ fún wọn. Àwọn kan ń dín ẹja. Ọkùnrin kan ní ẹṣin funfun tí àwọn ọmọdé ń gùn. Ẹṣin yẹn bẹ̀rù òkun débi pé ìdí ló máa ń kọ sí i. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n yà lórí ẹ̀ ní Ìdí-Àgbọn, ẹ ò ní rí ọ̀kan ṣoṣo tí ẹṣin ti ń wo òkun. Bàbá kan sì wà tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ wíwo omi. Ní ìdájí, á rin etí òkun já, á máa wo àwọ̀ omi àti bí ó ṣe ń fà. Ibi tó bá ti rí i pé omi ń fa èèyàn lọ, á ri màrìwò mọ́bẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọjá màrìwò yẹn, àlejò tàbí ọmọ ìlú. Ìyá yín ní ní Durban àsíá ni wọ́n ń rì, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ omi í wẹ̀ á sì máa fọn fèrè. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ ìyá mi ni ẹsẹ̀ fífọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí o bá gbẹ́ iyanrìn jìn díẹ̀ láàrin ìlú wa, omi tútù tí kò níyọ̀ ló máa sun. Ìyá mi ní kànga kékeré kan, bàsíà funfun kan, àti aṣọ ìnura mẹ́ta tó ń fọ̀ lójoojúmọ́. Bí àlejò bá ń bọ̀ láti òkun, tí ẹsẹ̀ wọn kún fún iyanrìn, tí iyọ̀ sì ń yún wọn, ìyá mi á ní kí wọ́n jókòó sórí àpótí, á kúnlẹ̀, á bu omi sí wọn lẹ́sẹ̀, á nù ún gbẹ kí wọ́n tó wọ bàtà. Á wo gìgísẹ̀ èèyàn, á sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó sọ fún ọkùnrin kan pé tíṣà ni, nítorí ẹsẹ̀ tó ń dúró látàárọ̀ ni. Ọkùnrin náà ní adájọ́ lòun. Ìyá mi ní, "Ẹ kó ẹsẹ̀ tíṣà wá sáyé nìyẹn." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ ṣubú lórí àpótí.

Bàbá mi wá ńkọ́. Kò sí èbúté ní Ìdí-Àgbọn. Ọ̀sà wa kò jìn, bí ọkọ̀ bá ku bí ogójì ìṣísẹ̀ kó gúnlẹ̀, á ti fẹnu gún iyanrìn, á dúró. Àlejò sì rèé nínú bàtà tó ń dán àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án ló wà tí a ń pè ní agbéniwọ̀lú. Bí irin bá ti dún, wọn á ká ṣòkòtò sókè, wọn á wọ inú omi lọ bá ọkọ̀, wọn á kọ ẹ̀yìn sí i, wọn á bẹ̀rẹ̀. Àlejò á gùn wọ́n, wọn á sì gbé e wọ̀lú láìjẹ́ kí omi kàn án. Bàbá mi ni àgbà wọn. Ó ní ẹni tó ń bẹ̀rù máa ń wúwo ju ẹni tó sanra lọ, nítorí náà á máa bá wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kí ẹ̀rù lè kúrò lára wọn. Ó gbé lọ́yà kan nígbà kan tó ń kígbe pé kó dá òun padà sínú ọkọ̀. Bàbá mi dúró láàrin omi, ó bi í pé, "Ṣé kí n dá yín padà ní tòótọ́?" Lọ́yà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé ọ̀nà méjèèjì dọ́gba, ló bá dákẹ́. Ìyàwó wòlíì kan kọ̀ láti gun ẹ̀yìn ọkùnrin. Wọ́n gbé àga wá, ọkùnrin méjì gbé e lórí àga. Ibi tó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú, afẹ́fẹ́ gbé fìlà òyìnbó orí ẹ̀ lọ, a kò sì rí i mọ́ títí dòní.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọwọ́ méjèèjì agbéniwọ̀lú ló fi ń di ẹsẹ̀ àlejò mú, kò ní ọwọ́ tó lè fi gba nǹkan. Nítorí náà, bó bá ti gbé àlejò dé ilẹ̀ gbígbẹ, kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àlejò á gbé etí fìlà agbéniwọ̀lú náà sókè láti ẹ̀yìn, á fi ohun tó fẹ́ fún un sábẹ́ ẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó túmọ̀ sí láti fọwọ́ kan fìlà àgbàlagbà. Ọmọ ìlú tó bá dán an wò, wọn á na bàbá tó bí i pọ̀ mọ́ ọn. Àlejò nìkan la yọ̀ǹda fún, nítorí wọn kì í ṣe tiwa. Bí ọwọ́ rẹ bá kan fìlà agbéniwọ̀lú, o ti sọ fún gbogbo ayé pé o kì í ṣe ọmọ Ìdí-Àgbọn nìyẹn.

Ọjọ́ kan tún wà lọ́dún tí a kì í gba àlejò. Ìyá onírin kì í lu irin lọ́jọ́ náà. Ìkíni Òkun là ń pe ọjọ́ ọ̀hún. A á gbá etí òkun láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Lẹ́yìn náà, àkọ́bí ọkùnrin ilé kọ̀ọ̀kan tó ti dàgbà á kọ ẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á gbé e láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn títí dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Bàbá á tẹ̀ síwájú láti orí ẹ̀yìn ọmọ, á kí òkun, á sọ orúkọ ọmọ tó gbé òun wá. Ẹ̀rín àti igbe ló máa ń kún ọjọ́ náà. Àwọn kan á jọ ṣubú sínú omi, bàbá á máa na ọmọ, ọmọ á máa bẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti lè rìn ni bàbá mi ti ń fọwọ́ kàn mí léjìká, tó ń sọ pé, "Ẹ̀yìn yìí ń bọ̀ wá tóbi." Ó gbé gbogbo èèyàn láyé ẹ̀. Ó ń retí kí ẹnì kan gbé òun náà.

Mo wá wọ yunifásítì. Àwọn ọ̀rẹ́ tí mo bá pàdé níbẹ̀, ọmọ dókítà ni, ọmọ ọ̀gá iléèwé ni. Wọ́n bi mí iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe. Mo ní oníṣòwò ni ní Èkó, ó ní ọkọ̀ ojú omi. N kò dárúkọ Ìdí-Àgbọn. Mo ń sọ fún ara mi pé n kò parọ́ púpọ̀. Ìyá àgbà yín wà nínú wọn nígbà náà, Àdùkẹ́, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ tó ń wo èèyàn lójú bó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo ti ń fẹ́ ẹ, n kò tíì sọ fún un.

Nígbà tó ku ọ̀la ọdún Àjíǹde, ẹnì kan nínú wọn ní kí a lọ gba afẹ́fẹ́ létí òkun lọ́jọ́ kejì ọdún. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ sí etí òkun ti Èkó. Àdùkẹ́ ní òun gbọ́ pé ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Àgbọn, tí wọ́n ní ẹṣin funfun kan. Gbogbo wọn gbà. Mo lè sọ pé ara mi kò yá. Mo lè sọ pé, ìlú wa ni, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. N kò sọ ọ̀kankan. Mo ra awò dúdú, mo wọ̀ ọ́, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé agbéniwọ̀lú mẹ́sàn-án ló wà, kò dájú pé bàbá mi ló máa wá bá ọkọ̀ wa.

Irin dún. Èmi tí mo ti sá tẹ̀lé irin yẹn láti kékeré, èmi ló dún fún lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ fẹnu gún iyanrìn, ó dúró. Bàbá mi ló ṣíwájú gbogbo wọn. Awò kò tàn án jẹ. Láti òkèèrè ló ti rí mi, ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó la ẹnu láti ki mí. N kò dìde, n kò dọ̀bálẹ̀, n kò tilẹ̀ mi orí. Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń wo omi. Ó wo àwọn ọ̀rẹ́ mi, ó wo bàtà wa, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì pa ẹnu ẹ̀ dé. Nígbà tí àwọn agbéniwọ̀lú yòókù rí i pé bàbá mi kò pè mí, wọn kò pè mí. Àwọn ọkùnrin tó kọ́ mi ní omi í wẹ̀, wọ́n wò mí bí ẹni tí wọn kò rí rí. Gbogbo ìlú ló bá mi parọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n rí i pé ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ó kọ́kọ́ gbé Àdùkẹ́. Ó padà wá, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀. Mo gun ẹ̀yìn bàbá mi. Òógùn àti àdí àgbọn ni ọrùn ẹ̀ ń rùn, òórùn tí mo fi ń mọ̀ pé mo ti délé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá àwọn àlejò tẹ́rù ń bà sọ̀rọ̀. Láàrin omi, ó kàn gbé mi sókè díẹ̀ kí ó lè dì mí mú dáadáa, bó ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. A dé ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi dúró, wọ́n ń wò mí. Gbogbo wọn ló ti fi nǹkan sábẹ́ fìlà. Bí èmi kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á bi mí pé kí ló dé.

Mo na ọwọ́. Èmi, ọmọ bíbí inú ẹ̀, mo gbé fìlà bàbá mi sókè lórí ẹ̀, mo sì fi owó sábẹ́ ẹ̀. Mo rí i pé gbogbo irun ẹ̀ ti funfun. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí mi ò jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Ó sọ̀ mí kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó yípadà sí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sí Ìdí-Àgbọn o, ọ̀gá. Ẹ gbádùn ara yín." Bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ kíá, ó fún omi kúrò létí ṣòkòtò mi, ó sì padà sínú omi lọ gbé ẹlòmíì.

N kò gbádùn nǹkan kan. Ìyá aládùúgbò wa kan tó máa ń wẹ̀ mí ní kékeré ló ta ẹja fún mi, ó pè mí ní "bùrọ̀dá". Nígbà tí a ń padà bọ̀ láti òkun, mo rí ìyá mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó kúnlẹ̀ nídìí bàsíà ẹ̀, ó ń wo ọ̀nà. Àdùkẹ́ fẹ́ lọ fọ ẹsẹ̀. Mo ní ká má ṣe wàhálà, ọkọ̀ ń dúró dè wá. Mo gba iwájú ìyá mi kọjá tiyanrìn-tiyanrìn. Ó tẹ orí ba, ó ń wo inú omi bàsíà.

Ní ìsinmi ọdún náà, mo lọ sílé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, mo sì pẹ́ nílẹ̀, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Ó ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù. Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ gbádùn ẹja wa?" Mo ní wọ́n gbádùn ẹ̀. Ó ní ó dáa. Kò sọ ọ́ mọ́ títí tó fi kú. Nígbà tí Ìkíni Òkun dé, mo kọ̀wé pé mo ní ìdánwò. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo ní iṣẹ́. Kì í ṣe pé n kò ráyè. Ojú ìlú ni n kò lè wò. Báwo ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀ síwájú gbogbo wọn kí n gbé ẹni tí mo sẹ́ lójú wọn? Wọ́n sọ fún mi pé lọ́dọọdún, nígbà tí wọ́n bá ń gbé àwọn bàbá yòókù lọ, bàbá mi á wọ agbádá ẹ̀, á fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sétí òkun. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní àwọn máa gbé e. Ó ní òun dúpẹ́, òun ní ọmọ.

Mo fẹ́ Àdùkẹ́. Bàbá mi wá sílé wọn lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àyà mi ń já pé Àdùkẹ́ máa mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bàbá mi kí i bí ẹni tí kò rí i rí. Àdùkẹ́ kúnlẹ̀ fún un, ó sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo ní mo bọ́.

Lẹ́yìn náà ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀ wa. Ó mú àtíbàbà, ó mú ọgbà àgbọn, ó mú ilé kan tẹ̀lé òmíràn. Àwọn èèyàn túká lọ sí Èkó àti ibòmíràn. Bàbá mi kú kí ilé wa tó lọ, inú ìlú la sì sin ín sí. Ọdún bíi mẹ́fà sí i, omi dé ibẹ̀. N kò ní ibojì tí mo lè lọ kúnlẹ̀ sí. Òkun ló wà níbẹ̀. Ìdí tí n kò fi fẹ́ rí òkun nìyẹn.

Tómi, o fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Grandpa, but the Durban one is the Indian Ocean. It's not the same sea."

Mo mọ̀. Tíṣà ni mí, èmi náà fi kọ́ àwọn ọmọ. Òkun méjèèjì pàdé nísàlẹ̀ ilẹ̀ yín yìí, wọ́n sì ń rìn wọ inú ara wọn. Má wá ọ̀nà tí màá gbà sá fún mi. Mo ti mọ ọ̀nà púpọ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ìyá àgbà yín wà ní ọsibítù níbí, mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fún un lọ́sàn mu. Ó ní, "Àjàní, mo mọ̀ pé bàbá ẹ ló gbé wa lọ́jọ́ yẹn." Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lòun mọ̀. Ó ní etí omi níbẹ̀ lòun ti mọ̀. Ó ní, "Ó gbé gbogbo wa. Etí ṣòkòtò tìẹ nìkan ló bẹ̀rẹ̀ fún omi kúrò." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní, "Mò ń retí kí ìwọ fúnra ẹ sọ fún mi ni." Obìnrin yẹn fi gbogbo ayé ẹ̀ retí mi. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà, ó lọ.

"Eish," Démiládé ní. "So Grandma just waited?"

Ó dúró dè mí. Bàbá mi náà dúró dè mí. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó bá mi jà. Bí bàbá mi bá gbá mi létí níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ náà, bóyá ǹ bá ti di èèyàn.

Nítorí náà, nígbà tí o ní o máa pọ̀n mí dé etí omi, ọmọ mi, o kò mọ ohun tó o sọ. O kò mọ ìlú wa, kò sẹ́ni tó sọ Ìkíni Òkun fún ọ rí, ó sì ti ẹnu rẹ jáde bí ohun tí kò ní wàhálà nínú. Ohun tí bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ retí lọ́dọ̀ mi, o fi fún mi nídìí ìrẹsì. Kò tọ́ sí mi. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kò tọ́ sí mi kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Dìde, kò sí ohun tó o fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún. Ẹ sọ fún ìyá yín pé mò ń lọ. Màá lọ sí Durban. Bí a bá débẹ̀, màá ṣí fìlà fúnra mi, màá fi sílẹ̀ sínú mọ́tò. Kí o bẹ̀rẹ̀, kí o gbé mi. Màá kí òkun, màá sọ orúkọ bàbá mi sí i, màá sì sọ ohun tí mo ṣe. Lẹ́yìn náà, màá dárúkọ rẹ.

O ti sọ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ láti yunifásítì máa wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n máa wò wá, àgbàlagbà lẹ́yìn ọmọkùnrin gíga. Wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n máa bi ọ́ pé ta ni mo jẹ́. Má dúró rò ó, Démiládé. Dá wọn lóhùn kí ẹsẹ̀ mi tó kan ilẹ̀.